Màámi, Ọkọ̀ Ni Mo Kọ, Kì Í Ṣe Ọkọ

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú àdúrò tì wá, ẹ kú àdúrà òwúrọ̀, ẹ sì kú òjò ọdún yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì níbí, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé 'ẹ kú ulé' ló yẹ kí n máa wí. Mo kí Bùrọ̀dá Lékan, ẹ̀gbọ́n mi tó dúró bíi bàbá fún wa. Mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ìsẹ́yìn tí ẹ bá Màámi jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Mo sì kí ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ ń gbé Adó, tí ẹ wá kí mi kú oríire ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ gbé ohun mímu wá. Gbogbo yín lọ̀rọ̀ yìí kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé lẹ́tà yìí sójú ewé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n má bàa máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí n máa tún un sọ.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Kò sí ọkùnrin kankan. Bùrọ̀dá Tòkunbọ̀ tí ẹ ń gbàdúrà fún, wọn ò tíì bí i. Mọ́tò ni. Mọ́tò pupa onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ olówó fi ń sáré lókè òkun, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó ti di kíkọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bó ṣe di ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo kọ sí Màámi lórí wọ́sáàpù lọ́jọ́sí nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́: «Maami, mo ti ri oko kan to wu mi. Owo elomiran lo wa tele, o si nilo itoju gan-an. E ba mi gbadura, mi o mo boya ki n mu un.» Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní á bí dí, Màámi, ẹ máa ń sọ ọ́ pé kí n máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èmi a ní kí ẹ jọ̀wọ́ mi, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹni tó bá kà á á mọ ohun tí mò ń wí. Bùrọ̀dá ní nígbà tí ẹ fi hàn wọ́n, oko ìrẹsì ni àwọn rò pé mo fẹ́ rà ní Igbemọ, ìlú tí mo ti ń kó ìrẹsì tí mò ń tà. Ẹ ní kí wọ́n lọ jókòó, oko wo ló máa wu obìnrin títí táá fi máa tọrọ àdúrà? Ẹ̀yin ti ka ọkọ ní tiyín. Ó wá ku ọkọ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀. Ìdí ìwọ̀n ni mo wà, wọ́n ń já ìrẹsì láti Igbemọ, mo ń fi etí kan gbọ́ tiyín, mo ń fi etí kejì gbọ́ ariwo àwọn alágbàṣe. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni ó wù mí. Mo ní ó wù mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ní kí ni wọ́n ń pè é. Mo ní tòkunbọ̀ ni. Ẹ ní áà, orúkọ rere. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀ yẹn, àmọ́ àpò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni. Ẹ ní ṣé ará ibẹ̀ ni. Mo ní Ìyìn-Èkìtì ni mo ti rí i, àmọ́ Jámánì ló ti wá. Ẹ ní Jámánì kẹ̀! Ẹ ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó padà síbẹ̀ láìmú mi dání o. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ ń bá mi ṣàwàdà. Ẹ ní ṣé ó ga. Mo ní rárá, ó kúrú, ó fẹ̀, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ní kò burú, bàbá yín náà ò ga. Ẹ ní ṣé ara rẹ̀ le. Mo ní ara rẹ̀ le, tí òtútù bá ti mú un láàárọ̀ nìkan ló máa ń wúkọ́ kó tó dìde. Ẹ ní ẹ máa fi àgbo ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ ní ṣé ó ń mu. Mo ní, 'Màámi, ó ń mu o, pàápàá tó bá ń gun òkè.' Ẹ ní, ó dáa, a ó máa fi àdúrà bá a jà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Ṣùgbọ́n Màámi wá bi mí pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà láyé, ṣé obìnrin tó ṣeé bá gbé ni. Ìgbà yẹn ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wálé. Mo kúrò nídìí ìwọ̀n. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo gbọ́ tí ẹ ń sunkún, Màámi. Ẹ ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gba oyè ní yunifásítì, ẹ ò sì sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣí ilé iṣẹ́. Ẹ ń sọ pé Olúwa ti mú ẹ̀gàn yín kúrò. Mo ní, 'Màámi, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa,' mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mọ́tò yẹn fi wù mí, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè. Ìrẹsì ni mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé Èkìtì. Àwọn obìnrin Igbemọ ń bọ̀ ọ́, wọ́n ń sá a, èmi ń kó o wá sí Adó, a ó bó o, a ó ṣa òkúta rẹ̀, a ó dì í. Èmi náà ni mo tò ó bẹ́ẹ̀, tí kálukú fi mọ ọjọ́ tirẹ̀, tí mọ́tò kì í sì í dúró de ìrẹsì. Bí wọ́n bá ní ó di ọ̀la, inú máa ń bí mi. Ọdún yìí, òjò ò jẹ́ kí á sinmi. Ìrẹsì tí a sá láàárọ̀, a ó tún sáré kó o wọlé ní ọ̀sán. Mọ́tò pikọ́ọ̀pù mi ń rùn bí àpò. Irun mi ń rùn bí i. Gbogbo ohun tí mo ní pátá, ẹrù ló ń gbé. Èmi gan-an, wọn kì í pe orúkọ mi ní Òkè-Ìlá mọ́, 'Oníràìsì' ni. Bí mo bá ní mo ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní ẹ gbọ́ ará Ìsẹ́yìn tó ń pè é ní 'isẹ́', wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń pè é ní 'uṣẹ́' fúnra wọn.

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ilé ìjọsìn tí mò ń lọ níbí, ìdílé-ìdílé ni wọ́n ń jókòó. Tí ìsìn bá parí, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á bi mí léèrè ìrẹsì, oníkálukú á sì wọ mọ́tò pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, wọ́n á lọ gún iyán. Èmi á dúró lẹ́bàá pikọ́ọ̀pù mi bí ẹni tó ń de ẹrù. Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kàn wakọ̀ lọ sí Ìyìn láìní nǹkan tí mo fẹ́ lọ ṣe. Mo rí mọ́tò náà lábẹ́ igi káṣú, wọ́n kọ 'títà' sí i lójú. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba ló ni ilé. Ọmọ rẹ̀ ló mú mọ́tò náà wálé, tó padà sókè òkun, tó sì ní kí wọ́n tà á. Bàbá ní kí n jókòó sínú rẹ̀ wò. Mo jókòó. Kò sí àyè fún àpò ìrẹsì kan ṣoṣo níbẹ̀, Màámi. Ìyẹn gan-an ló wù mí. Láti ọjọ́ náà, tí ìsìn bá ti parí, Ìyìn yá. Màá jókòó síbẹ̀, màá di ìdarí rẹ̀ mú, Bàbá á máa bá mi sọ̀rọ̀ ìṣèlú láti ẹnu ọ̀nà.

Mi ò sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo kọ́ òwò ní ilé ìwé, mo sì ń bá àwọn ẹlòmíràn wo òwò tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbé irú mọ́tò yìí wá síwájú mi, màá lé e jáde. Táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ète, kòtò kan péré lójú ọ̀nà Adó ti tó fún un. Páàtì rẹ̀, Èkó ni, bí Èkó ò bá sì ní in, ó di òkè òkun. Mẹkáníìkì mi tí mo mú lọ wò ó yí i po, ó kí i bí ẹni ń kí ọba, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án o. Bí ohun kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, owó tó yẹ kí àwọn obìnrin Igbemọ fi ṣiṣẹ́ ló máa jẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó ṣì ń wù mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bá mi gbàdúrà, torí mi ò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ kejì tí mo pa fóònù yẹn, ẹ tún pè mí. Mo ti múra láti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Bàbá wa ṣe kọ́kọ́ wá sílé yín lórí kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà rẹ̀ kan ti yọ, tó ń fi ẹsẹ̀ kan wà á, tí ẹ sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín tí èéfín fi há yín lọ́nà ọ̀fun. Mi ò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni, tó bá di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ràn Bàbá níbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ẹni tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn! Ẹ ní kí n má sọ fún Bùrọ̀dá, mi ò sì ní í sọ níbí. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá pè, ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti wá, ẹ ó mí kanlẹ̀, ó parí. Ṣé ẹ rí i, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ bí obìnrin sí obìnrin rí, àfi ìgbà tí ẹ rò pé mo ti rí ọkọ. Mo ń gbọ́ yín, ó ń dùn mọ́ mi, ojú sì ń tì mí. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la. Èmi!

Ẹ̀yin náà ò dúró. Ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ. Ẹ gbé òwú lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ, ẹ ní kó hun òfì fún ọkùnrin kúkúrú tó fẹ̀. Bùrọ̀dá wá pè pé ọjọ́ Sátidé yìí ni àwọn àti ẹ̀yin ń bọ̀ ní Adó, kí àwọn rí ojú àna àwọn. Mo ní ẹ dúró ná. Wọ́n ní kí ni a ń dúró dè, ṣebí èmi ni mi ò fẹ́ ìdádúró.

Èyí tó burú jù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú yín, èmi ni mo máa sọ ọ́. Bàbá Ìyìn pè mí pé ará Àkúrẹ́ kan ti wá wo mọ́tò, kí n tètè wá bí mo bá ṣì fẹ́ ẹ. Mo lọ. Mo ní kí wọ́n dín owó. Wọ́n ní àwọn ò bá obìnrin ná irú mọ́tò báyìí, kí n lọ mú ọkọ mi wá kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ jáde. Mo ní ọkọ mi ti rí i, òun ló ní owó náà ti pọ̀ jù, Jámánì ló ti dé, ó mọ iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá wí. Wọ́n dín in, wọ́n dín in gidi. Wọ́n ní kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ síwèé ní Sátidé.

Mo wakọ̀ padà sí Adó, mo ń yọ̀ bí ẹni tó jẹ ayò. Ó ku díẹ̀ kí n dé Òkè-Ìlá kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ọkùnrin tí kò sí, mo ti fi ná ọjà. Tẹ́lẹ̀, mo lè sọ pé Màámi ló ṣì mí kà, èmi kàn dákẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí Ìyìn, mo fún un lẹ́nu, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ dípò mi. Èmi tí mo máa ń bú àwọn ọmọbìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tí wọ́n bá ní 'ẹ jẹ́ kí n bi ọkọ mi'. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Lánàá, mo padà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní ọkọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Wọ́n ké sí ìyàwó wọn nínú ilé pé kó yá wá gbọ́, ọkùnrin tó bá àwọn ná mọ́tò ti kú kí wọ́n tó bí i. Màmá jáde, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Bàbá wá nu ojú, wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé Ọ̀gá ni àwọn dín owó fún o, kì í ṣe èmi. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ṣé mo ṣì fẹ́ ẹ ní iye ti tẹ́lẹ̀, torí ará Àkúrẹ́ ń bọ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sínú rẹ̀ kí n rò ó. Mo jókòó, mo di ìdarí mú bí mo ṣe máa ń ṣe. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti wá jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ẹ ti ń pè mí, Màámi, mi ò wá sí Ìyìn lọ́jọ́ Àìkú mọ́, àfi ìgbà tí Bàbá ránṣẹ́ pè mí yìí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mi ò wá. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀yin ni mo máa ń wà pẹ̀lú lórí fóònù nínú pikọ́ọ̀pù, tí a ó máa sọ̀rọ̀ títí àgbàlá ìjọ á fi ṣófo. Mo jáde, mo rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tà á fún ará Àkúrẹ́. Ó ṣì wù mí o, mi ò ní parọ́ mìíràn. Àmọ́ mo ti mọ ohun tí mò ń wá lọ síbẹ̀, mọ́tò náà ò ní in.

Ó wá ku ètò tó wà nílẹ̀. Bùrọ̀dá, ẹ má wá ní Sátidé. Èmi ni mò ń bọ̀ wá sí Ìsẹ́yìn, màá dé ní Jímọ̀ tí wọ́n bá ti já ìrẹsì tán. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Adó, ẹ má bínú, ẹ wá gba ohun mímu yín, mi ò ṣí i. Ẹ̀yin ará ìjọ, màá dìde lọ́jọ́ Àìkú, màá sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, kí Màámi má bàa jẹ́ ẹni tó máa ṣàlàyé. Òfì náà, ẹ jẹ́ kó hun ún tán. Ẹ fún Bùrọ̀dá Lékan. Àwọn náà kúrú, wọ́n sì fẹ̀.

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ti gbé orí sókè láàrin àwọn ẹgbẹ́ yín, èmi ni mo sì máa jẹ́ kí ẹ gbé e wálẹ̀. Mi ò ní àwíjàre. Nígbà tí ẹ sunkún yẹn ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Ẹ lè bínú sí mi. Ẹ lè ní kí n má wọlé yín ní Jímọ̀, màá sùn lọ́dọ̀ Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọ̀la, ní àkókò tí ẹ máa ń pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Bó bá jẹ́ èébú lẹ fẹ́ bú mi, ẹ pè mí. Ẹ ò tíì sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn yẹn ṣe parí, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, bí mi ò tilẹ̀ ní ọkọ. Fóònù á wà lọ́wọ́ mi.

Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ jí dáadáa. Kí ojú yín má ṣe rí ìtìjú mìíràn láti ọ̀dọ̀ mi. Kó dá Bùrọ̀dá àti agbo ilé wọn sí, kí òjò má ba ohun tí gbogbo yín sá jẹ́. Ẹ bá mi kí ìyàwó wọn, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ kí ahunṣọ, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi, àti ẹni tí kò bá bèèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjọkẹ́